Ẹni Tó Pa Iná Ni Wọ́n Ń Bi Pé Iná Dà

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìjókòó ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti fi yín sílẹ̀ díẹ̀? Ṣé àwọn oníbàárà yín ṣì ń fi ìjà gba aṣọ lọ́wọ́ yín? Èmi àti ọkọ mi wà dáadáa.

Ẹ ní kí n máa pè yín lórí fóònù, kí n yé fi ìwé kíkọ yọ ara mi lẹ́nu, nígbà tó jẹ́ pé ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ. Ẹ̀gbọ́n mi, yàrá kan ṣoṣo la ní. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ nídìí sítóòfù, ọkọ mi tó wà lórí ibùsùn á gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ kan sì wà tí ìyàwó ọ̀ṣìngín ò lè sọ sókè létí ọkọ. Ẹ jẹ́ n máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo ti ríṣẹ́! Ibi tí ọkọ mi ti ń jó irin náà ni. Ọkọ̀ ogun ojú omi ni wọ́n ń kàn níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní fírígéètì. Kì í ṣe èyí tó tóbi jù nínú ọkọ̀ ogun, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbé e sí òpópónà wa, iwájú rẹ̀ á wà nídìí ilé ìwé, ìdí rẹ̀ á di ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín pa.

Ẹ̀rọ ló ń gé irin pẹlẹbẹ níbẹ̀ bí ẹ̀yin ṣe ń fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ. Wọn kì í sì í kàn án láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bí ilé o. Ègé ègé ni. Ègé kan lè tó yàrá mẹ́rin. Ní ìdojúdé ni wọ́n máa ń kàn án, ilẹ̀ rẹ̀ lókè, àjà rẹ̀ nísàlẹ̀. Tó bá parí, kíréènì á gbé e, á yí i padà, wọ́n á wá tò ó mọ́ èyí tó ṣáájú, wọ́n á jó wọn pọ̀. Ara ọkọ̀ náà ò dúró ṣánṣán bí ògiri ilé, ó dagun. Ọkọ mi ní àwọn ayàwòrán ló dìídì yà á bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀rọ tí ọ̀tá fi ń wá ọkọ̀ lójú òkun má baà tètè rí i. Kódà orí rọ́bà ni wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì kà, kí ariwo rẹ̀ má baà wọnú omi. Ẹ rò ó wò, ohun tó gùn tó òpópónà, tó ń yọ́ rìn bí olè!

Iṣẹ́ tèmi ni aṣọ́-iná. Bí wẹ́dà bá ń jó irin mọ́ ògiri, ooru rẹ̀ kì í dúró lọ́dọ̀ rẹ̀ nìkan. Ó máa ń là á já sí òdìkejì, níbi tí wẹ́dà fúnra rẹ̀ ò lè rí. Torí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà ní òdìkejì tí á máa wo ògiri, pẹ̀lú agolo panápaná àti hámà. Bí nǹkan bá fẹ́ gbiná, á pa á, á sì máa fi hámà lu ògiri láìsinmi títí wẹ́dà á fi dáwọ́ dúró. Òfin ni. Bí hámà bá ti dún, kò sí ọ̀gá tó lè ní kí iṣẹ́ máa lọ.

Ẹ wá gbọ́ àṣírí mi. Ta ni wẹ́dà tí mò ń ṣọ́? Ọkọ mi ni! Òun lápá ibí, èmi lápá ọ̀hún, irin láàárín wa. Nígbà mìíràn tó bá fẹ́ sinmi ọwọ́, á fi ìka kan ògiri, kò, kò. Èmi náà á fi ìka dá a lóhùn. Kò túmọ̀ sí nǹkan kan, ó kàn ń bi mí bóyá mo wà níbẹ̀ ni. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n a ò tíì mọ ọ̀rọ̀ bá ara wa sọ dáadáa nínú yàrá. Ara ògiri yẹn la ti ń bá ara wa tage. Ẹ má sọ fún ẹnì kankan o.

Ẹnì kan péré ló ń bí mi nínú, ìyẹn fọ́máànù wa. Kíákíá là ń pè é lẹ́yìn, torí ó lè má kí ọ láàárọ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sọ "kíákíá." Mo bá a sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní ṣé inú ọ̀fun ni mo gbé ohùn mi pamọ́ sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán fìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí mo lè máa dé sábẹ́ akoto. Akoto yẹn fẹ́ pá mi lórí.

Èmi àbúrò yín tí ọkàn rẹ̀ ń fà sílé, ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ dùn.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejì

Ojú-ń-tì-mí, àbúrò mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ẹ̀yìn ń dùn mí síbẹ̀, àwọn oníbàárà ń jà síbẹ̀, ayé ò yí padà.

Mo ka ìwé rẹ, mo rẹ́rìn-ín, mo tún un kà, inú bí mi. Ta ló ń kan ọkọ̀ ní ìdojúdé? Ṣé kì í ṣe pé wọ́n rí yín bí àlejò, wọ́n wá ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́? Ohun tí wọ́n máa gbé sórí omi, ìdí rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ gún. Bi ọkọ rẹ dáadáa. Bí ó bá ń sọ irú rẹ̀ fún ọ tí o sì ń gbà, ọjọ́ kan á ní orí àjà lẹ jọ ń sùn.

Ìwé rẹ gùn, gbogbo rẹ̀ irin, irin, irin. Kò sí gbólóhùn kan nípa ohun tí o ń jẹ. Ọkọ ni mo sìn ọ́ lọ bá, kì í ṣe ọkọ̀. Ìyá ọkọ rẹ wá wọn aṣọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó bi mí léèrè rẹ, ṣùgbọ́n ikùn mi ló ń wò, bí ẹni pé èmi ni mo máa bá ọ lóyún. Mo ní kó jẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ojú ara yín ná.

Ọ̀rọ̀ ìka lára ògiri, mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Mi ò ní kí o má fẹ́ràn ọkọ rẹ. Ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ kì í ṣe yàrá, iná ò sì mọ eré. Àwọn èèyàn ń wò yín. Ohun tí ẹ̀yin méjèèjì ń pè ní ìfẹ́, ẹlòmíràn lè sọ ọ́ di ohun tó bá wù ú.

Fìlà mẹ́ta ni mo fi ránṣẹ́. Fọ̀ wọ́n kí o tó dé wọn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ, télọ̀ tó ń pariwo nítorí tìrẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín. Àwọn fìlà náà dé, wọ́n bá mi lórí mu, ẹ ṣeun. Lórí ọ̀rọ̀ ìdojúdé, irọ́ kọ́ o. Ẹ̀yin náà, ṣé ojú tí wọ́n máa wọ̀ síta lẹ fi ń rán aṣọ ni? Ṣebí inú rẹ̀ lẹ máa ń rán, lẹ́yìn náà lẹ ó wá yí i síta. Ó rọ wẹ́dà lọ́rùn kó máa wo ìsàlẹ̀ jó irin ju kó na ọrùn sókè kí iná máa ta sí i lójú. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìkíni ti tó. Inú ń bí mi. Ó ń bí mi débi pé mo ti fi kálámù lu ìwé kan já, òmíràn nìyí.

Àwọn ayàwòrán tó ń jókòó lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló kọ́kọ́ dá a sílẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà tí á máa jókòó sórí òpó gíga láàárín ọkọ̀, rédà ni wọ́n ń pè é, òun ló ń bá ọkọ̀ wo ọ̀nà jíjìn. A ti kan ọkọ̀ dé ibì kan kí wọ́n tó ní àwọn ti mú rédà mìíràn, ó sì wúwo ju ti inú àwòrán lọ. Kí a lọ fi irin kún ògiri tó wà lábẹ́ òpó náà kó lè gbé e. Ó dáa. Lójú àwòrán, ìlà péré ni wọ́n fà. Ṣùgbọ́n àwọn oníná ti dé ibi ògiri yẹn ṣáájú wa! Lápá tèmi, wáyà ló dì jọ láti òkè dé ilẹ̀, ó nípọn ju itan mi lọ, ó lẹ̀ mọ́ irin tí ọkọ mi fẹ́ jó.

Ọkàn mi ò balẹ̀. Mo sọ fún ọkọ mi. Ọkọ mi lọ bá Kíákíá pé kí wọ́n kó wáyà kúrò kí òun tó tanná. Kíákíá ní, "Kó wáyà kúrò? Wọ́n ti mú ọjọ́ tí ọkọ̀ yìí máa léfòó, wọ́n ti pe àwọn èèyàn ńlá, ìwọ wá ń sọ̀rọ̀ wáyà fún mi. Ẹ fi aṣọ iná bò ó. Kíákíá!"

Aṣọ tí wọ́n fún wa ò tó. Tí mo bá fà á sókè, ìsàlẹ̀ á ṣí. Tí mo bá fà á sísàlẹ̀, òkè á ṣí. Ọkọ mi tanná. Mo gbé ojú mi lé ibi tó ṣí. Ògiri pọ́n. Ara wáyà kan bẹ̀rẹ̀ sí í dán, ó wú, ó rú èéfín dúdú, iná kékeré kan sì yọ ahọ́n níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí, èmi tí mi ò lè ké "olè" bí olè bá tilẹ̀ dì mí lọ́rùn mú. Hámà ni mo gbé. Mo lu ògiri yẹn bí ẹni pé ó jẹ mí ní gbèsè, mo sì tú agolo panápaná sí wáyà. Ìyẹ̀fun funfun bo gbogbo yàrá. Iná kú. Ọkọ mi dáwọ́ dúró. Kíréènì tó ti gbé òpó náà sókè dúró gbagidi, gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀ dúró.

Kíákíá sáré dé. Ó wo ìyẹ̀fun lára àwọn àpótí iná tuntun, ó wò mí. Ó ní, "Iná dà?"

Mo ní mo ti pa á, sà.

Ó ní, "Mo ní iná dà? Fi iná hàn mí."

Mo fi ibi tó dúdú lára wáyà hàn án. Ó fi àtàǹpàkò nù ún, ó ní ìdọ̀tí ni. Ó wá kọjú sí àwọn tó ti pé jọ. "Ẹ ò mọ̀ pé ìyàwó ọ̀ṣìngín ni? Òun àti ọkọ rẹ̀ ló máa ń kan ògiri síra wọn bí ẹyẹ àkókó. Eré ìfẹ́ ni. Eré ìfẹ́ ló dá kíréènì mi dúró!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Ìyàwó, wá bá mi kan tèmi náà!"

Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí màá gbé ọwọ́ mi sí. Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ló dùn mí jù.

Wọ́n bi ọkọ mi. Ìbòjú rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kíákíá ní, "Hámà lo gbọ́ ni, àbí ìka?" Ọkọ mi wo ilẹ̀. Ó ní, "Òwú wà létí mi, ọ̀gá. Mi ò lè sọ."

Mi ò lè sọ! Kí ló wá mú un dáwọ́ dúró? Ṣé òjò ló rọ̀ lé e lórí nínú ọkọ̀?

Wọ́n ti yọ mí níbi iná. Mo ń gbá erùpẹ̀ irin níbi tí wọ́n ti ń gé irin. Kíákíá ní, kí ọjọ́ tí ọkọ̀ máa léfòó tó pé, mo gbọ́dọ̀ dúró níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ ní ìpéjọ òwúrọ̀, kí n fẹnu ara mi sọ pé eré ni mò ń ṣe. Bí mi ò bá sọ ọ́, kí èmi àti ọkọ mi máa wáṣẹ́ síbòmíràn. Ọkọ mi ní kí n sọ ọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, kì í lẹ̀ mọ́ni lára.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó pa iná ni wọ́n ń bi pé iná dà. Ká ní mo jẹ́ kó jó ni, wọn ì bá rí i kedere.

Ẹ dá mi lóhùn kíá. Ẹ̀yin nìkan ni mo ní.

Àbúrò yín.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ń retí ìwé yín, mi ò rí i. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé ni mo ń wo àpótí ìwé tó wà lẹ́nu ọ̀nà, títí ẹni tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ fi bi mí bóyá mo sọ nǹkan nù síbẹ̀.

Lánàá, ìyá ọkọ mi pe ọkọ mi, ó ní kó fún mi ní fóònù. Ó ní, "Ìyàwó, mo gbọ́ pé eré lo ń bá ọmọ mi ṣe nídìí iná, o sì fẹ́ jó iṣẹ́ rẹ̀ níná. Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn?" "Ẹ má bínú, mà" ni mò ń sọ, bí ẹni tó jẹ̀bi.

Ta ló sọ fún un? Ẹ̀yin nìkan ni mo kọ̀wé sí. Ọ̀dọ̀ yín ló sì ti ń ránṣọ. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀yin náà ti di Kíákíá sí mi lọ́rùn ni? Mo fi àṣírí mi lé yín lọ́wọ́, ẹ wá gbé e sá síta bí aṣọ tútù.

Bí ẹ bá ń bínú nítorí ìka tí mo fi kan ògiri, ẹ bú mi. Ẹ má dákẹ́.

Àbúrò yín ni.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin

Àbúrò mi,

Mo kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé rẹ yẹn ò yẹ ní kíkí. Èmi! Èmi tí mo fi ẹ̀yìn tó ń dùn mí yìí pọ̀n ọ́ nígbà tí kò tíì dùn, èmi lo pè ní Kíákíá. Mo ti bínú tán kí n tó mú kálámù, torí náà farabalẹ̀ kà á.

Ọjọ́ tí ìwé rẹ ti oṣù kẹta dé, mi ò tíì ya àpòòwé rẹ̀ tí ìyá ọkọ rẹ fi wọlé. Òun ló kọ́kọ́ ròyìn fún mi. Mo ní, "Ta ló sọ fún yín?" Ó ní, "Ta ni ì bá sọ fún mi bí kò ṣe ọmọ mi? Ó pè mí, ó ní ìyàwó òun ṣeré níbi iṣẹ́, ọ̀ràn fẹ́ dé, kí n máa fi àdúrà ràn wọ́n lọ́wọ́."

Ọkọ rẹ ni. Ẹnu ọkọ rẹ gan-an ni.

Ohun tó pa mí lẹ́nu mọ́ nìyẹn. Nígbà tí mo ka ìwé tìrẹ tán, mo jókòó, mo kọ ìwé, mo ya á. Mo tún kọ, mo tún ya á. Mo ń bi ara mi bóyá kí n sọ ọ́ fún ọ, kí ilé tí kò tíì jinná má baà bàjẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìyá rẹ̀ ò tilẹ̀ jẹ̀bi, ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ ló gbàgbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí o ti fẹ̀sùn kàn mí, gbà á tútù.

Ìka tí ẹ ń kàn, mo ti sọ fún ọ, ẹ̀bi ẹ̀yin méjèèjì nìyẹn, ẹ jáwọ́ ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìka kì í ṣe hámà. Má sọ pé eré lo ṣe. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Bí o bá fẹnu ara rẹ sọ ọ́, lọ́jọ́ mìíràn tí iná bá yọ tí o lu ògiri, ta ló máa dáwọ́ dúró? Wọ́n á ní ìyàwó ti tún bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn á sì jó kú síbẹ̀.

Bí wọ́n bá lé ọ, máa bọ̀. Ibùsùn rẹ wà níbi tó wà, mo kàn kó aṣọ àwọn oníbàárà lé e lórí ni.

Ìwé mìíràn wà nínú àpòòwé yìí. Ti ọkọ rẹ ni. Mi ò lẹ̀ ẹ́, torí mi ò kọ ohun tí mi ò lè sọ lójú rẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ọjọ́ kan náà

Ẹ̀yin àna mi,

Ẹ kú iṣẹ́ irin. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi kọ ìwé yìí, torí ọkọ àbúrò mi, ọkọ mi ni.

Ẹ ní òwú wà létí yín. Mo gbà. Ṣé òwú wà lẹ́nu yín náà nígbà tí ẹ pe ìyá yín? Ẹ ní ẹ ò lè sọ bóyá hámà lẹ gbọ́. Ọwọ́ yín gbọ́ ọ, ó dáwọ́ dúró. Ó jẹ́ pé ọwọ́ yín nìkan ló ń sòótọ́ nínú gbogbo ara yín.

Nígbà tí ẹ wá tọrọ àbúrò mi, ẹ jókòó sórí àga mi, ẹ ní ohun tí ẹ fẹ́ràn lára rẹ̀ ni pé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Inú mi dùn. Mi ò mọ̀ pé ẹ ti rí i pé ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ló rọrùn láti parọ́ mọ́.

Mi ò ní kí ẹ bá ọ̀gá yín jà. Ohun tí etí yín gbọ́ ni kí ẹ sọ.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n ìyàwó yín, tó ṣì ń bọ̀wọ̀ fún yín títí di òní.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀. Orúkọ tí mo pè yín nínú ìwé ìjọ́sí, ẹ bá mi pa á rẹ́. Ìbínú ló mú mi lu ẹni tó sún mọ́ mi jù.

Mo fún ọkọ mi ní ìwé rẹ̀. Ó kà á, ó ká a, ó fi sápò. Mo ní, "Ṣé lóòótọ́ lẹ sọ fún ìyá yín pé eré ni mo ṣe?" Ó ní òun ò fẹ́ kí ìyá òun máa dààmú, bí òun bá ní fọ́máànù ló ń dá wa lóró, kò ní lè sùn. Ẹ̀gbọ́n mi, n kò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu mi: "O wá tà mí, kí ìyá rẹ lè sùn?" Mi ò pè é ní "ìwọ" rí láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra. Àwa méjèèjì ló bá lójijì.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n rán an padà sídìí ògiri yẹn kó lọ parí rẹ̀. Wọ́n fún un ní aṣọ́-iná mìíràn, ọkùnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Bẹ́ẹ̀ni-Ọ̀gá, torí kò ní ìdáhùn mìíràn. Wáyà ṣì wà níbẹ̀, aṣọ kúkúrú yẹn náà ṣì wà níbẹ̀. Ọkọ mi ní òun gbé ìbòjú wálẹ̀, òun fẹ́ tanná, ọwọ́ òun kọ̀. Ó gbé e sílẹ̀, ó yí lọ sí òdìkejì, ó bi ọkùnrin náà pé, "Bí o bá rí èéfín, kí lo máa ṣe?"

Bẹ́ẹ̀ni-Ọ̀gá ní, "Màá lọ bi ọ̀gá bóyá èéfín ni."

Ọkọ mi ò jó irin lọ́jọ́ náà. Ó ní inú ń run òun.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n pè mí síwájú ní ìpéjọ. Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, àwọn wẹ́dà, àwọn oníná, àwọn oníkíréènì, ọkọ̀ ńlá yẹn lẹ́yìn wọn. Kíákíá ní, "Ó yá, sọ ọ́, ká lè lọ ṣiṣẹ́." Mo lanu. Ohùn tó jáde, èmi gan-an ò gbọ́ ọ. Wọ́n ní, "A ò gbọ́!" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo rántí ohun tí ẹ kọ, pé ẹlòmíràn á jó kú. Ẹ̀rù ìyẹn wá ju ẹ̀rù àwọn èèyàn lọ.

Mo ní, "Iná wà níbẹ̀. Wáyà ló gbiná. Èmi ni mo pa á. Mi ò ṣeré. Bí mo bá tún rí i, màá tún lù ú."

Kíákíá ní, "Ẹ gbọ́ o! Ẹni tí a ní kó bẹ̀bẹ̀ ló ń halẹ̀. Ọkọ rẹ̀ nìyẹn, ẹ bi í!"

Gbogbo ojú yí sí ọkọ mi. Mo ti ń di ẹrù mi lọ́kàn. Ó wá ní, "Hámà ni mo gbọ́."

Kíákíá ní, "Òwú wà létí rẹ! Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀!"

Ó ní, "Òwú wà níbẹ̀, ọ̀gá. Hámà yẹn la òwú kọjá. Ẹ̀rù yín ló bà mí ni mo fi sẹ́ ẹ. Ìka tí èmi àti ìyàwó mi ń kàn, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ kàn án, kò sì dún jọ hámà. Mi ò ní tanná lára ògiri yẹn mọ́ títí wọ́n á fi kó wáyà kúrò. Bẹ́ẹ̀ni-Ọ̀gá ní òun máa kọ́kọ́ bi yín bóyá èéfín ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni wọ́n fi rín. Wẹ́dà àgbà kan bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ní òun náà ò ní tanná níbẹ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e. Kíákíá wò wọ́n títí. Lẹ́yìn náà ló pe àwọn oníná. Wọ́n tú wáyà, wọ́n fà á kúrò lára ògiri pátápátá, iṣẹ́ tí wọ́n ì bá ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo padà sí òdìkejì ògiri mi. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún ọkọ̀ náà yẹ̀, ayé ò sì parẹ́.

Ó ti léfòó báyìí. Wọ́n da omi sínú kòtò tí wọ́n ti ń kàn án, omi gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tó sùn. Àwọn èèyàn ńlá pàtẹ́wọ́. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ayàwòrán. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Kíákíá, wọ́n ní ó fara balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ewu! Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ gé ètè mi jẹ. Ẹni tó ní kí n kan tiẹ̀ níjọ́sí ló fi àga rẹ̀ sílẹ̀ fún mi kí n lè rí iwájú. Mo gbà á, ṣùgbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín sí i.

Ọkọ mi ń sùn nílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló lọ síbẹ̀. Ó ti dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú yàrá yìí. Ó ní òun máa kọ̀wé sí yín kí ẹ bá òun bẹ̀ mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a bẹ̀ mí. Ó ti sòótọ́ níwájú àwọn tó parọ́ fún níbi iṣẹ́, mo gbà á, mo sì mọ ohun tó ná an. Ṣùgbọ́n ẹnì kan kù tí kò tíì sọ fún. Títí di òní, ìyá rẹ̀ ṣì mọ̀ pé ọmọ tí ẹ tọ́ ló ń fi iná ṣeré. Mo ní bí kò bá tíì sọ fún ìyá rẹ̀, kó má dìde nílẹ̀.

Ó ní ìyá òun á bínú sí òun. Mo ní kó jẹ́ kí ó bínú sí ẹni tó yẹ.

Ó ti ń kọ ìwé náà báyìí, lápá kejì tábìlì tí mo ti ń kọ eléyìí. Ó ti kí ìyá rẹ̀ títí ìkíni fi tán. Ó wá gbójú sókè, ó ní báwo ni òun ṣe máa bẹ̀rẹ̀.

Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi hámà.

Àbúrò yín.